Ṣokoléètì yín ò bu, kò sì sí àbẹ́là nínú ẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mo ra ṣokoléètì páálí kan fún àwọn ìbejì mi níbí n'Òṣogbo, mo kó o sínú fíríìjì torí ooru. Wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ méjì, ìgbà tí iná dé tí mo wò ó, gbogbo ara ẹ̀ ti funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i. Aládùúgbò mi ní ó ti bu, pé májèlé ni. Ọmọ àbúrò mi tún wá fi fídíò kan hàn mí, wọ́n ń ṣáná sí ṣokoléètì ó sì ń jó, wọ́n ní àbẹ́là ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Ṣé kí n dà á nù? Báwo ni kí n ṣe máa tọ́jú ẹ̀? Ìyá Ìbejì, Òkè-Báálẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ẹ má tíì dà á nù. Ìbéèrè yìí ti sú mi, láti ìgbà tí ooru yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í bi mí, àti pé fídíò àbẹ́là yẹn ló ń bí mi nínú jù, màá dé bẹ̀.

Nǹkan tó bá bu, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ti rí i lára búrẹ́dì. Á hu irun wínníwínní, á ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú, á sì máa rùn. Omi ló ń jẹ́ kí nǹkan bu, omi tó sì wà nínú ṣokoléètì lásán kò tó nǹkan, kòkó, ọ̀rá kòkó àti ṣúgà ló kún inú ẹ̀, nígbà míì mílíìkì gbígbẹ.

Kí wá ni funfun yẹn? Ẹ jẹ́ kí n fi òrí ṣàlàyé torí kò sí ìyá ọlọ́mọ tí ò mọ òrí. Òrí tó jọ̀lọ̀ tí ẹ rà lọ́jà, tí oòrùn bá pa á nínú ike tó yọ́, tó wá tún dì fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru, kí lẹ máa ń bá láàárọ̀? Kóró-kóró bíi gàrí. Ṣé wọ́n da gàrí sí i ni? Òrí àná náà ni, bó ṣe dì ló yàtọ̀.

Ọ̀rá kòkó náà nìyẹn, àmọ́ tiẹ̀ tún ní wàhálà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́fà ló lè gbà dì, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Wille àti Lutton, ló to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde lọ́dún 1966. Ti àkọ́kọ́ ò lágbára rárá, digirí 17 ti yọ́ ọ (ti Celsius ni mò ń sọ o). Ìkarùn-ún ni gbogbo àwa tí à ń ṣe ṣokoléètì ń wá, òun ló ń dán, òun ló ń dún pá tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, ó sì máa ń yọ́ ní bíi digirí 34, ìyẹn ni ò ṣe yọ́ lórí àtẹ níbi tó bá tutù, tó sì ń yọ́ lẹ́nu, torí inú ẹnu èèyàn tó bíi 37. Kó tó lè dì sí ìkarùn-ún yẹn, a máa ń yọ́ ṣokoléètì dúdú dé bíi digirí 45 sí 50, a á jẹ́ kó tutù dé bíi 27, a á tún rọra gbé e padà sí 31 tàbí 32. Tẹ́ńpà là ń pè é. Iṣẹ́ yẹn ti mú mi sunkún rí.

Ẹ wá mú un wá sínú ooru oṣù kẹta n'Òṣogbo, nínú ilé onípáànù tí iná ò sí. Ṣokoléètì yọ́ jẹ́jẹ́ nínú bébà ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Alẹ́ lẹ́, iná dé, ó tún dì, àmọ́ kò sẹ́ni tó tẹ́ńpà ẹ̀ nínú fíríìjì yín, bó ṣe wù ú ló ṣe dì, díẹ̀ nínú ọ̀rá ẹ̀ sì gun òkè wá dì síta. Bloom là ń pe ìyẹn.

Ó tún lè jẹ́ ṣúgà. Ike omi tí ẹ bá yọ nínú fíríìjì, ṣebí ó máa ń làágùn? Ṣokoléètì náà ń làágùn bẹ́ẹ̀, òógùn yẹn á yọ́ ṣúgà ojú ẹ̀, tó bá gbẹ tán ṣúgà á kù síbẹ̀. Ẹ fi ìka rà á: tó bá yọ́ tó pòórá, ọ̀rá ni. Tó bá rí ṣákiṣàki bí iyanrìn tí kò sì lọ, ṣúgà ni. Méjèèjì ò pa èèyàn, adùn ẹ̀ ló kàn máa dín kù.

Àbẹ́là wàyí. Ta ló sọ fún yín pé ohun tó bá ti ń jó ti di àbẹ́là? Kí kẹrosíìnì tó dé, kí ni àwọn ìyá wa fi ń tan fìtílà? Ṣé kì í ṣe epo pupa àti àdín? Wọ́n á ti òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á ṣáná sí i, á máa jó, epo yẹn náà ni wọ́n sì fi ń se ọbẹ̀. Ọ̀rá máa ń jó! Kòkó tí wọ́n ń ká lágbègbè Ifẹ̀ àti Iléṣà, tí ẹ bá bó èèpo kóró ẹ̀, nǹkan bí ìdajì inú ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá, ẹ wá ń retí kó má jó? Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀pà kẹ́ ẹ ṣáná sí i, òun náà á jó (ẹ má ṣe é lójú ọmọdé o, ẹ má sì sọ pé èmi ni mo rán yín).

Tí wọ́n bá fẹ́ dán nǹkan wò, àtẹ́lẹwọ́ ni kí wọ́n lò. Àbẹ́là tí à ń rà lọ́jà, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í yọ́ tí ooru ò bá tó bíi digirí 46 sókè, ara èèyàn kì í sì í gbóná dé bẹ̀. Ẹ di í mú títí di ìrọ̀lẹ́, kò ní yọ́. Ẹ di ṣokoléètì mú, ká wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó ba aṣọ yín jẹ́.

Òótọ́ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tó pọ́ọ́kú, wọ́n sábà máa ń yọ ọ̀rá kòkó kúrò torí owó ẹ̀, wọ́n á fi àdín tàbí epo ọ̀pẹ tí wọ́n ti mú le rọ́pò, òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu tí kò fẹ́ yọ́. Ìyẹn ò dáa tó ti gidi, àmọ́ kì í ṣe àbẹ́là. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2000 pàápàá fàyè gba ọ̀rá míì dé ìdá 5 nínú 100 nínú ṣokoléètì, ẹ ṣáà wò ó, òrí wa wà nínú àwọn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí: tí ẹ bá rí “cocoa butter”, ọ̀rá kòkó nìyẹn. Tó bá jẹ́ “vegetable fat” nìkan, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń rà.

Mi ò rí tiyín sójú o, nítorí náà mi ò lè búra. Tó bá hu irun, tó ní kòkòrò, tàbí tó ń rùn bí òróró àtijọ́, pàápàá èyí tó ní ẹ̀pà tàbí mílíìkì rírọ̀ nínú, ẹ dà á nù kíá. Tí ọmọ bá sì jẹ nǹkan tó ń bì, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ yé ra páálí-páálí lásìkò ooru, èyí tí wọ́n máa jẹ tán ni kẹ́ ẹ rà. Tó bá di dandan kó wọ fíríìjì, ẹ wé e sí náílọ́ọ̀nù, ẹ fi sínú ike tó ń dé pinpin. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tíì ṣí i, ẹ gbé e kalẹ̀ tike-tike bíi wákàtí kan, kí ara ike làágùn dípò ti ṣokoléètì.

Èyí tó ti funfun yẹn, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú mílíìkì gbígbóná, ẹ rò ó, kí àwọn ìbejì mu ún, wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yọ́ òun nìkan láti fi pa kéèkì lára, ẹ má jẹ́ kí omi ṣíbí kan péré kán sí i o, á dì gbagidi bí ẹbà àná, ẹ ó sì tún kọ̀wé sí mi.