Omi ọyàn àkọ́kọ́: ṣé kí n fún un dànù ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé, oyún mi sì ti wọ oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ìyá ọkọ mi ní ìdọ̀tí ni omi pupa tó ń jáde lọ́yàn mi, kí n máa fún un dànù títí funfun yóò fi dé. Omi gbígbóná àti àgbo ni ọmọ mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní báyìí, wọ́n sọ fún wa ní kíníìkì pé omi pupa yẹn gan-an ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu. Ṣùgbọ́n kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ, ṣé ó lè yó ọmọ? Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi ńkọ́?

ÌDÁHÙN: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ má fún un dànù o. Omi yẹn ni oúnjẹ ọmọ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, bó sì ṣe kéré yẹn náà ló ṣe yẹ kó kéré.

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A, irú èyí tó wà nínú epo pupa, ló sọ ọ́ di pupa bẹ́ẹ̀. Ó ki nítorí pé purotéènì inú rẹ̀ pọ̀, ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀ kò sì tó ti omi ọyàn funfun. Púpọ̀ nínú purotéènì náà, iṣẹ́ ààbò ni wọ́n wá ṣe. Èyí tí à ń pè ní IgA máa ń bo ojú ìfun ọmọ kí kòkòrò àìsàn má baà ríbi dì mú. Òmíràn, lactoferrin, máa ń já áyọ́ọ̀nù (èròjà irin) gbà mọ́ àwọn kòkòrò náà lọ́wọ́, wọn kò sì ní lè gbèrú.

Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ mọ̀ pé ọmọ ewúrẹ́ tí kò bá rí omi ọmú àkọ́kọ́ mu, agbára káká ni yóò fi yè. Ti ọmọ ènìyàn kò le tó bẹ́ẹ̀, torí pé láti inú oyún ni díẹ̀ nínú ààbò ìyá ti ń gba ara ibi ọmọ wọlé sí i lára. Ṣùgbọ́n IgA tí mo sọ yìí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Inú ọyàn nìkan ni ọmọ ti lè rí i.

Ó tún ń fọ inú ọmọ, iṣẹ́ tí àwọn àgbà rò pé àgbo ń ṣe. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ yẹn ní èròjà tó ń mú ojú àti ara ọmọ pọ́n nínú. Tó bá pẹ́ nínú ìfun, ara á tún fa èròjà náà padà sínú ẹ̀jẹ̀. Omi ọyàn yìí ló ń tì í jáde kíákíá.

Ní ti yíyó: ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ọmọ ń rí fà nígbà kọ̀ọ̀kan kò ju mílílítà 2 sí 10 lọ. Ṣíbí ìmutíì kan jẹ́ mílílítà 5, ẹ wá fojú wò ó. Ikùn rẹ̀ kékeré ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni yóò mu láàárín wákàtí 24, tọ̀sán tòru. Bó bá sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, ẹ jí i.

Fífún un dànù kọ́ ló ń mú funfun dé. Jíjáde ibi ọmọ ni. Bí ó bá ti jáde, èròjà tó ń dá omi ọyàn dúró nígbà oyún á lọ sílẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ọyàn á kún. Bí ọmọ bá ṣe ń fa ọyàn sí ni yóò ṣe pọ̀ sí. Ìdí rèé tí omi gbígbóná fi ń ṣàkóbá: ọmọ á yó omi, á sùn, kò ní fa ọyàn, wọ́n á wá ní ìyá ò lómi lọ́yàn. Omi tó pọ̀ tún ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ débi pé gìrì lè mú un. Oyin ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan, torí kòkòrò kan tó lè wà nínú rẹ̀ máa ń sọ iṣan ọmọ di aláìlágbára.

Bí ẹ bá ti bí i, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n gbé e lé yín láyà ní ìhòòhò, kí wọ́n fi aṣọ bò yín pọ̀. Kó fa ọyàn láàárín wákàtí kan. Ìwẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ jẹ́ kó la ẹnu gbàgà kó lè gba àyíká dúdú orí ọyàn sẹ́nu, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan ọyàn, kí ètè ìsàlẹ̀ yí síta. Bó bá jẹ́ orí ọyàn nìkan ló gbá mú, yóò dùn yín, yóò bó, omi ò sì ní jáde dáadáa. Ẹ ti ìka bọ igun ẹnu rẹ̀ kó lè tú u sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ, tó sì jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún yín, ojú yín á dá, ẹ lè fún un lọ́yàn láàárín wákàtí kan náà. Bí wọ́n bá mú yín sùn, kó jẹ́ gbàrà tí ẹ bá jí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ọmọ sí abẹ́ apá kó má baà tẹ ojú abẹ. Funfun lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, kò léwu.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù ìtọ́jú pàtàkì, ọwọ́ ni kí ẹ fi fún omi ọyàn náà jáde. Ẹ̀rọ ò dára lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí gbogbo ẹ̀kán náà á lẹ̀ mọ́ ike. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ rọra fọwọ́ pa ọyàn. Ẹ fi àtàńpàkò sókè, ìka ìfábẹ̀lá sísàlẹ̀, kí wọ́n jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí orí ọyàn. Ẹ tì í sẹ́yìn síhà àyà, ẹ fún un pọ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ má fi ìka yọ̀ lórí awọ, bíbó ni yóò bó. Ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó yọ, ẹ má jáwọ́. Ẹ gbè é sínú ṣíbí tí a ti sè tàbí sírínjì tuntun tí kò lábẹ́rẹ́, kí wọ́n fún ọmọ lójú ẹsẹ̀, pàápàá nínú ooru ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa yìí. Ẹ ṣe é ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra wọn.

Kí lẹ ó fi mọ̀ pé ó ń tó o? Ó kéré tán, ó yẹ kó tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ kìíní, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kẹta, kí ìgbẹ́ dúdú sì di àwọ̀ ìyeyè tó bá fi máa di ọjọ́ karùn-ún. Bí kò bá yàgbẹ́ rárá láàárín wákàtí 24, tí ojú tàbí ara rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ kìíní, tó kọ ọyàn, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tutù jù, ẹ gbé e lọ sí Bowen, LAUTECH tàbí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù. Ẹ má dúró fi àgbo dán an wò.

Abiyamọ tó ní kòkòrò HIV náà lè fún ọmọ ní omi yìí, bó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí ọmọ náà sì ń gba tirẹ̀.

Ní ti màmá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ mú wọn dání wá sí kíníìkì lọ́jọ́ tó bá kàn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹ̀bí fúnra wọn. Iṣẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná àti àmàlà ìyá ọmọ ṣì wà nílẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tiwọn. Kí ẹ tó wọ oṣù kẹsàn-án, ẹ ti fi ṣíbí ìmutíì kan, ife kékeré olómorí àti sírínjì méjì sínú báàgì ìbímọ, kí ẹ sì sọ fún agbẹ̀bí bí ẹ bá ti dé pé ọyàn ni ọmọ yín yóò kọ́kọ́ fẹnu kàn.