Dúdú Ló Ṣòro Láti Yọ: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Bílíìṣì àti Dáì Irun Nílé

Lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ dá lórí irun aláwọ̀ títàn, búlúù, píǹkì àti pupa fòò, tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe nílé. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo sì dáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí onídìrí tó ń fi irun dúdú jẹun.

Láti Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi rílásà sílẹ̀, irun mi sì ti gùn dáadáa. Mo fẹ́ kí ó di búlúù tó ń tàn yanran. Ọ̀rẹ́ mi ra bílíìṣì oníyẹ̀fun àti omi rẹ̀ tí wọ́n kọ 40 sí lára, ó ní ìyẹn ló yá jù. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má lò ó. Dúdú irun wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní melanin, kò sí ní ojú irun. Inú lọ́hùn-ún ló wà, lábẹ́ àwọn ìpẹ́ tíntìntín tó bo irun lára. Ìyẹ̀fun bílíìṣì ló ń mú kí àwọn ìpẹ́ wọ̀nyí ṣí, kí hydrogen peroxide inú omi náà lè ráyè wọlé lọ fọ́ melanin náà túútúú. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nínú iṣẹ́ yìí ni pé bílíìṣì kò mọ ìyàtọ̀ láàrin dúdú irun àti èròjà tó mú irun náà lágbára: bó ṣe ń jẹ ọ̀kan ló ń jẹ èkejì. Nọ́ńbà ara ìgò ló ń sọ bí omi náà ṣe le tó. Èyí tó jẹ́ 10 ní ìdá 3 hydrogen peroxide nínú ọgọ́rùn-ún, 20 ní ìdá 6, 30 ní ìdá 9, 40 sì ní ìdá 12. Irun tiwa tó lọ́ kóko máa ń yára dá níbi tó ti yípo, nítorí náà má ṣe kọjá 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba àkókò púpọ̀ sí i.

Kí o tó fọwọ́ kan gbogbo orí, gé ìwọ̀nba irun díẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn, kùn ún, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Yóò kọ́kọ́ pọ́n, yóò di àwọ̀ ọsàn, lẹ́yìn náà ni yóò tó di yẹ́lò. Fọ̀ ọ́, kí o fà á nígbà tó ṣì tutù. Bí ó bá ń nà tí kò padà sípò, tàbí tó já, irun rẹ kò lè gba iṣẹ́ yìí. Bí ó bá yege, inú abọ́ ike ni kí o ti po bílíìṣì, má ṣe lo abọ́ irin, nítorí irin lè ba hydrogen peroxide jẹ́, ó sì lè mú un gbóná. Wọ ìbọ̀wọ́, ṣí fèrèsé sílẹ̀, má sì fọ orí fún ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, kí òróró tó ń jáde láti ara lè dáàbò bo awọ orí. Láti àárín irun títí dé ṣóńṣó ni kí o kọ́kọ́ kùn. Ìdí irun ni kó gbẹ̀yìn, torí ooru orí máa ń mú un ṣá kíákíá ju ibi yòókù lọ. Bí awọ orí bá ń jó ọ, má ṣe fara dà á rárá, lọ ṣan án lójú ẹsẹ̀. Àkókò tó wà lára páálí ni òpin. Bí irun kò bá tíì ṣá tó bí o ti fẹ́, fọ̀ ọ́ kúrò, kí o sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí o tó tún un ṣe.

Nípa ti búlúù, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má ṣe ra dáì kankan títí o fi máa rí ibi tí irun rẹ dúró sí. Àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta mọ̀ pé orí aṣọ funfun ni aró ti ń hàn kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni dáì búlúù ń fẹ́ irun tó ti ṣá débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Lórí yẹ́lò, yóò di àwọ̀ ewé. Lórí àwọ̀ ọsàn, yóò ṣú, kò sì ní ní orúkọ. Bí irun rẹ bá dúró sí àwọ̀ ọsàn, pupa, àwọ̀ bàbà tàbí àwọ̀ wáìnì yóò tàn lórí rẹ̀ dáadáa láìtún fi bílíìṣì kàn án. Èmi yóò yan pupa lórí irun tó le ju búlúù lórí irun tó ń já lọ. Dáì aláwọ̀ títàn fúnra rẹ̀ kì í sábà ní hydrogen peroxide nínú. Ojú irun ló ń lẹ̀ mọ́, ó sì máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí o bá ti ń fọ irun. Omi tútù ni kí o máa fi fọ̀ ọ́, kí o sì fi aṣọ àtijọ́ bo ìrọ̀rí rẹ.

Láti Peckham, London: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni mo fi rílásà sí irun mi. Mo fẹ́ irun píǹkì fún ọjọ́ ìbí mi. Wọ́n ní bí mo bá fi òróró àgbọn sí i kí n tó fi bílíìṣì kùn ún, kò ní já. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má gbára lé e. Òróró àgbọn lè dín ìpalára kù díẹ̀, ṣùgbọ́n rílásà ti já púpọ̀ nínú àwọn ìsopọ̀ tó mú irun yín lágbára, bílíìṣì yóò sì tún wá já nínú èyí tó kù. Ohun tí màá ṣe fún yín bí ẹ bá jókòó síwájú mi ni wíìgì tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 613, tí wọ́n ti yọ dúdú rẹ̀ kúrò kí ó tó dé ọjà. Ẹ da omi gbígbóná sínú ike, ẹ po dáì píǹkì mọ́ ọn, kí ẹ ri irun náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e sókè wò títí yóò fi mu àwọ̀ bí ẹ ti fẹ́. Ẹ rí i dájú pé irun ènìyàn ni, nítorí irun oníke kì í gba dáì yìí. Píǹkì tí ẹ máa rí lórí rẹ̀ yóò mọ́ ju èyí tí irun orí yín lè fún yín lọ.

Láti Òṣogbo: Níbi ìgbéyàwó kan, wọ́n fi làálì dúdú ṣe ọwọ́ mi lọ́ṣọ̀ọ́, ni ọwọ́ bá wú, tó ń yún mi, tó sì lé ròrò. Mo fẹ́ lo dáì pupa tí kì í ṣí báyìí. Ṣé ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn kan irun?

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó ṣe é. Làálì gidi kì í dúdú kirikiri. Èyí tó bá dúdú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní èròjà tí wọ́n ń pè ní para-phenylenediamine, tàbí PPD ní ìkékúrú, èròjà yìí kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ dáì tí kì í ṣí. Bí ara bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú lè wú, èémí lè há. Ẹ má ṣe dán an wò nílé rárá. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara, kí ẹ sì mú orúkọ dáì náà dání. Ẹ̀yin yòókù tí irú èyí kò ṣe rí, ẹ fi dáì díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí tàbí inú ìgúnpá ní wákàtí 48 ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti lo dáì náà rí.

Láti Èkó: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ní kí n ṣe irun elésè àlùkò fún òun fún ọlidé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe fi bílíìṣì tàbí dáì kan orí rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára páálí dáì ní ilẹ̀ Yúróòpù pé kò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16. Ẹ ra àtaṣímẹ́ǹtì elésè àlùkò, ẹ di í mọ́ irun rẹ̀ láì fà á le jù, kí ẹ sì tú u kí ó tó wọlé padà sí ilé ìwé.