Kí ni “àlàfo ọ́ksíjìn” túmọ̀ sí lójú ọ́ksáídì títáníọ́mù?

Ìbéèrè: Mo kà á pé gáàsì ọ́ksíjìn kì í fẹ́ dúró lójú TiO2 (ọ́ksáídì títáníọ́mù) àfi tí “àlàfo ọ́ksíjìn” bá wà níbẹ̀. Ṣé ihò lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Báwo ni ihò ṣe wá ń fa nǹkan mọ́ra?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ihò lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u sí ihò fún yín. Ibikíbi tí èèyàn bá ti lu nǹkan ni ihò lè wà. Àlàfo ní tirẹ̀, àárín ohun tó tò lẹ́sẹẹsẹ ló máa ń wà: bí eyín kan bá yọ, gbogbo ẹni tó bá wo ẹnu náà ló mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àlàfo ọ́ksíjìn ni ibi tó yẹ kí átọ̀mù ọ́ksíjìn kan jókòó sí nínú ètò kírísítà (ohun líle tí átọ̀mù rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ), tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ ọ́ksíjìn tó lọ kò kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù méjì tó gbà lọ́wọ́ títáníọ́mù ló fi sílẹ̀, ẹrù àfisílẹ̀ yìí gan-an ni ọ́ksíjìn mìíràn ń bá bọ̀.

Ojú rutile (ọ̀kan nínú oríṣi kírísítà TiO2) tí wọ́n ń pè ní (110) ni wọ́n yẹ̀ wò jù lọ, torí náà ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Nínú kírísítà náà, ọ́ksíjìn mẹ́fà ló yí títáníọ́mù kọ̀ọ̀kan ká, títáníọ́mù mẹ́ta ni ọ́ksíjìn kọ̀ọ̀kan sì dì mọ́. Tó bá wá dé ojú, ìdè kan á já. Ojú náà á wá rí bí ebè àti poro: ebè ni ìlà ọ́ksíjìn tó yọ sókè, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ bí afárá láàárín títáníọ́mù méjì, poro ni ìlà títáníọ́mù tó ku ọ́ksíjìn kan kó pé mẹ́fà. Láti ebè kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bí 0.65 nánómítà, lórí ebè kan náà, átọ̀mù sí átọ̀mù jẹ́ nǹkan bí 0.3. Ọ́ksíjìn orí afárá ló rọrùn jù láti yọ, nítorí títáníọ́mù méjì péré ló dì í mú.

Bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nìyí. Wọ́n á gbé kírísítà sínú àgbá irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, títí ìfúnpá ibẹ̀ yóò fi wálẹ̀ dé nǹkan bí 10⁻¹⁰ mbar. Wọ́n á fi áyọ́nù argon tí agbára rẹ̀ tó 1 keV gbá ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀, wọ́n á wá mú un gbóná dé nǹkan bí 900 K (kélífínì) fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì tún un ṣe léraléra. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ́ksíjìn orí afárá, márùn-ún sí mẹ́wàá ló sábà máa ń lọ. Àwọ̀ kírísítà náà fúnra rẹ̀ á sọ fún yín: èyí tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ á di búlúù, nítorí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó ṣẹ́ kù ti sọ àwọn Ti⁴⁺ kan di Ti³⁺, ìyẹn títáníọ́mù tó gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kan kún tirẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe é ní àṣejù, á dúdú, ìlà ojú rẹ̀ á sì tún ara wọn tò. Ojú mìíràn pátápátá nìyẹn, èsì rẹ̀ kò ṣeé fi wé ti àkọ́kọ́.

Wàyí o, ọ́ksíjìn dé. Mólékù O2 kì í lẹ̀ mọ́ ojú yìí dáadáa láìjẹ́ pé ó gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù. Tó bá gba ẹyọ kan, ó di superoxide. Tó bá gba méjì, ó di peroxide. Lójú tó pé, tí kò sí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù àfisílẹ̀, á kàn kàn án, á sì kọjá lọ. Ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí 150 K, ó lè dúró nínú àlàfo gẹ́gẹ́ bí mólékù odindi. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, á pín sí méjì: átọ̀mù kan á dí àlàfo, èkejì á bọ́ sórí títáníọ́mù inú poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Átọ̀mù kejì yìí ló ń da ìṣirò rú. Òun náà fẹ́ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, bẹ́ẹ̀ èyí tó dí àlàfo ti lo méjì tó wà níbẹ̀. Ara ohun tó ń pèsè fún un ni àwọn títáníọ́mù tó há sáàárín àwọn mìíràn nísàlẹ̀ ojú, tí àwọn náà gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù dání. Ẹni tó bá ka iye àlàfo nìkan kò tíì ka gbogbo ẹ̀lẹ́ktrọ́nù. Ìdí rèé tí fífi ọ́ksíjìn “wo” ojú náà sàn nínú ooru kì í fi í dá a padà bó ṣe wà: àwọn títáníọ́mù tó há yẹn á gòkè wá, wọ́n á pàdé ọ́ksíjìn, wọ́n á sì di TiO2 tuntun tó ga gegele lórí èyí àtijọ́.

Omi ló ń tan èèyàn jẹ jù. Bí mólékù omi kan bá bọ́ sínú àlàfo, á pín: OH kan (ọ́ksíjìn tó so mọ́ háídrójìn kan) á dí ibẹ̀, háídrójìn tó kù á gun ọ́ksíjìn afárá ìtòsí, òun náà á di OH. Àlàfo kan ti di OH méjì nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ STM, tí wọ́n fi ń ya àwòrán átọ̀mù ojú nǹkan, sì ń wá ibi tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ti lè wọlé, kì í ṣe gíga nìkan ló ń kà. Nítorí náà poro títáníọ́mù ló máa ń tàn nínú àwòrán, ebè ọ́ksíjìn tó ga jù ú lọ á sì ṣókùnkùn. Àlàfo á hàn bí àmì títàn lórí ìlà dúdú, OH náà á hàn bẹ́ẹ̀, àfi pé tirẹ̀ mọ́lẹ̀ jù. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ gbé fólítì abẹ́rẹ́ lọ sí nǹkan bí 3 lórí ibẹ̀: háídrójìn á ṣí kúrò lórí OH, àmì rẹ̀ á parẹ́, ti àlàfo á kù. Ẹ má sì fi kírísítà sílẹ̀ pẹ́ kí ẹ tó tú ọ́ksíjìn sí i, nítorí ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù nínú àgbá á ti gba àlàfo lọ, OH ni ọ́ksíjìn yín á bá níbẹ̀.

Ti anatase, oríṣi kírísítà TiO2 mìíràn, yàtọ̀ díẹ̀. Lójú rẹ̀ tó ń jẹ́ (101), abẹ́ ojú ni àlàfo fẹ́ràn láti sá sí, ọ́ksíjìn tó bá wá jókòó lókè sì lè fà á jáde.

Nínú ìmọ́lẹ̀, kò pọn dandan kí àlàfo wà kí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó yọjú. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú ju nǹkan bí 388 nánómítà lọ fún anatase, tàbí 413 fún rutile, á gbé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù dìde, àyè tó fi sílẹ̀ á sì máa wá ẹ̀lẹ́ktrọ́nù mìíràn gbà. Bí ọ́ksíjìn bá wà nítòsí, á tètè gba èyí tó dìde, àyè tó kù á sì ráyè ba ìdọ̀tí inú omi jẹ́. Bí kò bá sí, àwọn méjèèjì á tún pàdé, iṣẹ́ á sì di asán. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ìyẹ̀fun TiO2 fọ àwọ̀ kúrò nínú omi, tó rí i pé iṣẹ́ ń falẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fìtílà rẹ̀ dára, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń hó nínú omi náà.