KSM ní òun bá mi tọ́jú 24 GB: ṣé mo lè fi VM mẹ́ta kún un?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mò ń bójú tó sáfà ọ́fíìsì wa. 64 GB ni RAM rẹ̀, Proxmox, ètò orí Linux tó ń gbé VM ṣiṣẹ́, ló sì wà lórí rẹ̀. VM (kọ̀ǹpútà tí a fi ètò dá sínú sáfà) Windows mẹ́wàá ni mo ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́, 8 GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 80 GB ni gbogbo rẹ̀ tí a bá rò ó pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lálẹ́ àná mo rí i tí Proxmox kọ ọ́ pé KSM sharing, ìyẹn RAM tí KSM bá wa fi pamọ́ nípa pípa ohun tó bára mu pọ̀, jẹ́ 24 GB. Ọ̀gá wa fẹ́ kí n fi VM mẹ́ta sí i. Ṣé mo lè ná 24 GB yẹn? Ìkejì, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí aago mẹ́sàn-án, gbogbo VM á kàn máa wọ́. Ṣé KSM ló fà á, kí n kúkú pa á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi VM kankan kún un. 24 GB tí ẹ rí yẹn, àwọn VM yín ló yá yín. Wọ́n lè gbà á padà nígbà tó bá wù wọ́n, wọn ò sì ní sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wá gbà á.

KSM (Kernel Samepage Merging) ti wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń pín RAM, láti Linux 2.6.32, tó jáde ní December 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ RAM àwọn VM wò, péèjì kan lẹ́yìn òmíràn, 4 KB ni péèjì kọ̀ọ̀kan. Tó bá rí méjì tí ohun inú wọn bára mu délẹ̀délẹ̀, á da ọ̀kan nù, VM méjèèjì á sì jọ máa ka èyí tó kù. Kíkà nìkan ni wọ́n láṣẹ láti ṣe. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ kọ nǹkan sí i, CPU á dá a dúró, kernel á wá péèjì tó ṣófo, á ṣe ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni VM yẹn á tó lè kọ ohun tó fẹ́ kọ. Péèjì kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tí péèjì tó lé ní mílíọ̀nù kan bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó di bó ò lọ, yà fún mi.

Kí ló wá wà nínú àwọn péèjì tó bára mu wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé fáìlì Windows ni, nítorí Windows kan náà ló wà nínú gbogbo VM. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Windows máa ń kọ òdo sínú gbogbo RAM tí wọ́n fún un nígbà tó bá ń tan. VM tí ẹ fún ní 8 GB, tí kò sì lò ju 4 lọ, òdo ló kún èyí tó ṣẹ́ kù. KSM á kó gbogbo òdo yẹn pọ̀, á ní òun ti bá yín fi RAM pamọ́. RAM tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ ló fi pamọ́! Ẹ wọ inú VM méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́, kí ẹ ṣí Task Manager, kí ẹ wo iye tí wọ́n ń lò gan-an. Ó dá mi lójú pé ẹ máa rí i pé 8 GB ti pọ̀ jù fún wọn.

Tó bá wá di àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á dé, kálukú á ṣí Excel àti Chrome, péèjì tó kún fún òdo á di péèjì tó ní nǹkan nínú. Ká ní 24 GB yẹn já sí 11. 80 yọ 11 jẹ́ 69, sáfà yín ò sì ju 64 lọ. Èyí tí kò rí àyè á bọ́ sí swap, àyè orí dísìkì tó ń dúró fún RAM ṣùgbọ́n tó lọ́ra jù ú lọ, ibẹ̀ gan-an ni wíwọ́ tí ẹ ń sọ ti ń wá. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ tẹ `vmstat 1` lórí sáfà láago mẹ́sàn-án, kí ẹ máa wo òpó `si` àti `so` (ohun tó ń ti swap bọ̀ àti ohun tó ń lọ síbẹ̀). Bí nọ́ńbà bá ń yí níbẹ̀ tí kò padà sí òdo, swap ni. Ẹ tún ka `/sys/kernel/mm/ksm/pages_sharing`: 6,291,456 níbẹ̀ ni 24 GB. Ẹ kọ èyí tí ẹ rí lálẹ́ àti èyí tí ẹ rí láàárọ̀ sílẹ̀.

Ní ti kí ẹ pa á, ẹ rọra o. Tí ẹ bá kọ 0 sínú fáìlì `run` tó wà nínú fódà kan náà, KSM á dúró, ṣùgbọ́n ohun tó ti pa pọ̀ á wà bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá kọ 2, gbogbo rẹ̀ ló máa tú ká lójú ẹsẹ̀. Lórí sáfà tó ti kún bíi tiyín, ẹ máa wá 24 GB tí kò sí níbì kan, kernel sì lè pa odidi VM kan kó lè ráyè. Ẹ má dán an wò lọ́sàn-án.

Ohun tí èmi ì bá ṣe ni pé kí n dín RAM àwọn VM kù sí iye tí wọ́n nílò. VM mẹ́tàlá, 4 GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 52 GB nìyẹn, ojúlówó RAM, 12 GB á sì ṣẹ́ kù fún Proxmox fúnra rẹ̀. (Tí ẹ bá ń lo ZFS, ètò tó ń tọ́jú fáìlì sórí dísìkì, ẹ rántí pé òun náà máa ń gba RAM fún cache rẹ̀.) Bí 4 GB ò bá tó wọn, ẹ ra RAM, kò sí ọgbọ́n mìíràn. Ẹ fi KSM sílẹ̀. Lórí Proxmox, ksmtuned, ètò tó ń tan KSM tó sì ń pa á, kì í jí i dìde àfi tí RAM tó ṣófo bá ti wálẹ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ.

Ó ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín o. Iṣẹ́ yíyẹ RAM wò yẹn ń jẹ CPU. Ohun tó tún burú jù lójú tèmi ni pé kernel fẹ́ràn láti fún VM ní péèjì ńlá, 2 MB lẹ́ẹ̀kan, kí wíwá àdírẹ́sì lè yá. Kí KSM tó lè rí 4 KB kan pa pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́ 512. Láti ìgbà náà, CPU á máa rin ìrìn gígùn kó tó rí ibi tí nǹkan wà.

Bí ẹ bá ń fi VM háyà fún àwọn oníbàárà, ó yàtọ̀ pátápátá, ẹ pa KSM. Kíkọ nǹkan sí péèjì àjọlò máa ń pẹ́ ju ti péèjì àdáni lọ, ẹni tó bá ń ka àkókò sì lè fi mọ ohun tó wà nínú VM aládùúgbò rẹ̀. VMware, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ètò VM, ti pa àjọlò láàárín VM láti 2014, àfi tí ẹni tó ń lò ó bá tan án fúnra rẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Vrije Universiteit Amsterdam lo irú àjọlò yìí pẹ̀lú Rowhammer (ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yí ohun inú RAM padà nípa kíka ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léraléra) láti ba kọ́kọ́rọ́ SSH, èyí tí wọ́n fi ń wọlé láti òkèèrè, tó wà nínú VM ẹlòmíì jẹ́. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo lẹ wà, ìyẹn ò kàn yín tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ní VM kan tí database ń gbé inú rẹ̀, ẹ fi `mem-merge=off` sí `-machine` QEMU (ètò tó ń gbé VM ṣiṣẹ́ lábẹ́ Proxmox) rẹ̀, kí KSM lè fò ó. Péèjì irú VM bẹ́ẹ̀ kì í dúró sójú kan, KSM á kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò lásán ni.