Ṣé lóòótọ́ ni pé a lè fi hemp ṣe epo ọkọ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe dáadáa. Hemp jẹ́ ẹ̀yà ewéko igbó (cannabis) tí kì í pa èèyàn bí ọtí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kóró rẹ̀ ló jẹ́ òróró. Wọ́n á fún òróró náà, wọ́n á pò ó mọ́ kẹ́míkà méjì, ìyẹn methanol àti potassium hydroxide díẹ̀, wọ́n á mú un gbóná níwọ̀nba. Tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, glycerin tó ki á rì sísàlẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì á léfòó. Ìyẹn ni wọ́n á fọ̀ mọ́, tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì á sì máa lò ó. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní University of Connecticut ní Amẹ́ríkà rí i pé ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún òróró náà ló di dísẹ́ẹ̀lì.

Igi rẹ̀ náà ṣeé sọ di ethanol, ìyẹn irú ọtí kan tí wọ́n ń lú mọ́ bẹntiróòlù, àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ le jù.

Ibi tí wàhálà wà ni pé òróró tó ń jáde lórí éékà ilẹ̀ kan kò pọ̀. Ọ̀pẹ fi ìlọ́po ìlọ́po jù ú lọ. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín nítorí okùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti bọ́gbọ́n mu jù láti fi kóró rẹ̀ ṣe epo.