Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, affidavit ò lè sọ yín di síníọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Láfẹ́ńwà ni mò ń gbé, dírẹ́bà tírélà ni mí ní ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan níbí l'Abẹ́òkúta, sìmẹ́ńtì la máa ń gbé jù láti Ewékorò. 2009 ni mo débẹ̀, mọ́tòbọ́ì ni mo kọ́kọ́ ṣe, wọ́n gbé ọkọ̀ fún mi ní 2013, létà ìgbanisíṣẹ́ mi jáde ní 2016. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 2018, mo tún padà ní 2019. Lọ́dún tó kọjá ọ̀gá wa ra ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ṣágámù mọ́ tiwa, wọ́n to orúkọ gbogbo wa, wọ́n wá kó àwọn ará Ṣágámù síwájú mi. Tírélà tuntun tí wọ́n kó dé, ọmọ tó ṣe mọ́tòbọ́ì fún mi ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Àbúrò ìyàwó mi tó ń wa tírélà ní Amẹ́ríkà ní òfin ni kí síníọ̀, ẹni tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́ mú. Ẹnìkan ní kí n lọ búra ní kóòtù kí n gba affidavit pé 2009 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọ́n á dá mi lóhùn?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ ò bá tíì san owó affidavit yẹn, ẹ dá a padà sápò, ẹ fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ yín tán o, ṣùgbọ́n ibi affidavit yẹn ni ojú mi dúró sí torí ẹ̀yin kọ́ lẹni àkọ́kọ́, mo ti rí irú ìwé yẹn bíi mẹ́rin márùn-ún láìpẹ́ yìí, gbogbo ẹ̀ ló ní sítáǹbù, gbogbo ẹ̀ ló ní "èmi lágbájá, ọkùnrin, Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí, ọmọ Nàìjíríà, mo búra pé mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún báyìí báyìí". Àwọn kan wà tí wọ́n jókòó sábẹ́ agbòjò níwájú kóòtù tí wọ́n ti sọ ọ́ dòwò, dírẹ́bà ni wọ́n sì fẹ́ràn jù torí wọ́n mọ̀ pé inú ń bí dírẹ́bà, owó ọ̀nà sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ni affidavit? Ẹnu yín ni. Ẹ sọ nǹkan, ẹ búra sí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó wúlò tí káàdì bá sọnù tàbí tí orúkọ bá yí padà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yín ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń búra, kò sóhun tó dè wọ́n mọ́ ọn. Tí màníjà bá wá mú létà 2016 jáde, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí nísàlẹ̀ pé ẹ gba iṣẹ́ náà láti déètì báyìí, ìwé yín méjèèjì á máa ta ko ara wọn, wọ́n á sì ní kí ẹ sọ èwo nirọ́ nínú ẹ̀. Ìbúra èké ní ìjìyà lábẹ́ òfin, àwọn tó wà lábẹ́ agbòjò kì í sọ ìyẹn fún yín.

Kí n tó lọ jìnnà o, èmi kì í ṣe lọ́yà. Ófíìsì pásónẹ̀ẹ̀lì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé òṣìṣẹ́, ni mo ti lo ayé mi, nílé iṣẹ́ akẹ́rù ni, àwọn dírẹ́bà ló sọ mí ní Ìyá Fáìlì. Ohun tí mò ń sọ níbí jẹ́ ohun tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù kí ẹ wá lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́, kí ó ka ìwé yín kó tó sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Ẹ ní òfin ni kí síníọ̀ kọ́kọ́ mú. Òfin wo? Labour Act tiwa, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, wà ńlẹ̀, kò síbi tó ti sọ pé dírẹ́bà tó pẹ́ jù ni kí wọ́n fún ní ọkọ̀ tuntun tàbí ọ̀nà tó dáa jù. Àbúrò ìyàwó yín ò parọ́, ohun tó rí ló sọ, orúkọ tó pè é ni ò bá a mu. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn dírẹ́bà kan wà tí wọ́n ń pè ní Teamsters, láti 1903 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ní 1964 wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ akẹ́rù, wọ́n kọ àdéhùn kan tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè, inú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ síníọ̀ wà, ẹni tí déètì ẹ̀ bá ṣáájú ló ń kọ́kọ́ mú ọ̀nà tó bá wù ú. Àdéhùn ni, ìjọba kọ́ ló ṣe é lófin. Ilé iṣẹ́ tí ò bá ní ẹgbẹ́, tí ò bá ní irú àdéhùn yẹn, ọ̀gá ibẹ̀ lè gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó bá wù ú, l'Amẹ́ríkà náà. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ilé iṣẹ́ tiẹ̀ ní ẹgbẹ́, ó ṣeé ṣe kó ní.

Ohun tó ń dà wá láàmú nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí ni pé bí a ṣe ń ka ìyàwó ilé la fẹ́ máa ka dírẹ́bà. Nínú agbo ilé, ọjọ́ tí ìyàwó wọlé ni, ọmọ tí wọ́n bí lánàá kí ó tó wọlé lónìí, ọkọ ẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Nítorí náà tí ẹ bá rí ọmọ tó ń gbé wẹ́ẹ̀jì sábẹ́ táyà fún yín lánàá tó gun hẹ́ẹ̀dì tuntun lónìí, ó máa ká yín lára, èmi gan-an ó máa ká mi lára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ò ní ìyáálé. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú létà yín, sínú ìwé ìlànà iṣẹ́ (èyí tí wọ́n ń pè ní handbook), tàbí sínú àdéhùn tí ẹgbẹ́ bá wọn ṣe, òun nìkan ló ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà, òun náà ló sì ń sọ ohun tí àgbà yẹn lè fi gbà.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fojú rí. Láàárọ̀ Sátidé kan, dírẹ́bà méjì wọlé bá mi pa pọ̀, ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ mú, èkejì di okùn kọ́kọ́rọ́ mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ jù ú sílẹ̀, báyìí ni wọ́n ṣe rìn láti yáàdì dé iwájú tábìlì mi bí ẹni tó fa àgbò. Ọjọ́ kan náà la gba àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní òun ti ń wa tírélà lọ Kánò nígbà tí èkejì ṣì ń ta búrẹ́dì ní Kútọ̀, òótọ́ sì ni, mo mọ̀ ọ́n nídìí búrẹ́dì. Mo ṣí ìwé ìlànà, ó ní tí déètì bá dọ́gba kí wọ́n wo nọ́ńbà orí létà. Ẹni tó ta búrẹ́dì jẹ́ 041, ẹni tó lọ Kánò jẹ́ 042. Mo ní kí 042 jù ú sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ò fi kí mi. Ṣùgbọ́n ó jù ú sílẹ̀, torí inú ìwé ló wà, kì í ṣe látẹnu mi.

Ní ti ọdún yín, ẹ jẹ́ ká gé e wò. 2009 sí 2013 tí ẹ ṣe mọ́tòbọ́ì, ta ló ń san owó yín? Tó bá jẹ́ dírẹ́bà ló ń yọ ọ́ fún yín nínú owó ọ̀nà, bó ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ yáàdì, ọmọ iṣẹ́ dírẹ́bà lẹ jẹ́, ilé iṣẹ́ lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí. Ó dùn mí láti sọ ọ́ torí mo mọ bí mọ́tòbọ́ì ṣe ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú òjò. 2013 sí 2016, ìyẹn yàtọ̀. Abala 7 nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀, kí déètì tó bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Tí wọn ò bá fún yín, àwọn ló jẹ̀bi, ẹ lè fi nǹkan mìíràn mú un dájú pé ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn: wébìlì (ìwé ẹrù) tí orúkọ yín wà lórí ẹ̀, owó oṣù tó wọ báńkì, ìwé pẹ́ńṣàn. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 kan ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, wọ́n á máa yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó yín, àwọn náà á fi ìdá 10 lé e. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn yín kí wọ́n tẹ ìwé àkáǹtì yín fún yín, oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n san ló máa wà níbẹ̀. Ìwé yẹn nìkan ju affidavit mẹ́wàá lọ.

2018 wá ńkọ́? Ẹ ò sọ bí ẹ ṣe lọ, ibẹ̀ ló sì le jù. Tí ẹ bá kọ létà pé ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n san ohun tó kù fún yín, tí ẹ gbà á, ọdún yín ti dópin níbẹ̀, 2019 lẹ tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tuntun, àfi tí létà 2019 bá sọ pé ọdún tẹ́lẹ̀ ṣì wà. Tó bá jẹ́ àìsàn ni, tàbí pé wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi nílé na torí iṣẹ́ dín kù, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kà á sí pé ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn ará Ṣágámù tí ẹ ń pè ní àlejò, wọ́n lè má jẹ́ àlejò o. Abala 10 ní tí wọ́n bá fẹ́ gbé àdéhùn iṣẹ́ èèyàn láti ọwọ́ ọ̀gá kan sí ọwọ́ òmíràn, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbà, òṣìṣẹ́ Ministry of Labour sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, tí ìwé wọn sì sọ pé ọdún wọn tẹ̀lé wọn wá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ní 2015 ṣáájú 2019 tiyín, ẹ̀jẹ̀ ì báà ru. L'Amẹ́ríkà tí ẹ fi ń ṣàpẹẹrẹ, ibi yìí gan-an ni ìjà wọn ti máa ń le, tí ilé iṣẹ́ méjì bá di ọ̀kan, àwọn kan á ní kí wọ́n fi déètì to gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra wọn, àwọn kan á ní kí àwọn tó ń bọ̀ lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò sí èyí tó dùn mọ́ gbogbo èèyàn.

Àwọn kan á tún sọ fún yín pé òfin ní ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan yín. Ìdajì òótọ́ lèyí, ìdajì òótọ́ ló sì ń pa dírẹ́bà. Inú abala 20 ló wà, ìgbà tí iṣẹ́ ò tó mọ́ tí wọ́n fẹ́ dín èèyàn kù nìkan ló ń sọ, láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ó sì tún ní kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti bóyá wọ́n lè fọkàn tán ẹni náà. Ẹni tó pẹ́ ọdún 10 tó ti dojú ọkọ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, tí sìmẹ́ńtì máa ń dín ní báàgì mẹ́ta mẹ́rin kó tó débi tó ń lọ, abala 20 ò ní bò ó. Tírélà tuntun ò sì sí nínú ẹ̀ rárá.

Kí wá ni ọdún wúlò fún? Ó wúlò nídìí owó. Tí wọ́n bá fẹ́ dá yín dúró, ẹni tó ti pé ọdún 5 sókè, nótíìsì oṣù kan ló tọ́ sí i, ẹni tó ti pé ọdún 2 tí ò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Tí ilé iṣẹ́ yín bá ń san gratuity (owó tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ), ọdún ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti jà fún 2013 yín, kì í ṣe nídìí kọ́kọ́rọ́.

Ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹ má bínú, ṣé láísẹ́ǹsì yín gbéṣẹ́? Ti tírélà gan-an, kíláàsì G. Mo ti rí ọ̀pọ̀ àgbà dírẹ́bà tí láísẹ́ǹsì wọn ti kú láti ọdún méjì tí wọ́n ń bá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣàwàdà lọ́nà Pápáláńtò, ọ̀gá tó bá fẹ́ kí insúránsì san owó tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ò ní gbé ọkọ̀ tuntun fún irú ẹ̀. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ lẹ jẹ́. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò lónìí.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ kọ létà kékeré kan sí màníjà, ẹ fọ̀wọ̀ kọ ọ́, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi to orúkọ àti déètì tó wà ní iwájú orúkọ yín, kí ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé wọ́n ti gbà á. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ mú un lọ bá aṣojú ẹgbẹ́ yín, lẹ́yìn náà ófíìsì Ministry of Labour ti ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta níbí, wọ́n máa ń pe ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jókòó. Kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ni National Industrial Court, májísíréètì kọ́, ṣùgbọ́n kò sóhun tó dájú pé kóòtù á ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tírélà dí géètì. Mo mọ ẹnìkan tó ṣe é láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó yọ bátìrì lọ sílé, ọkọ̀ mọ́kànlá ò lè jáde títí di aago méjì ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tó ń jà fún, òun ló jàre, èmi gan-an ti kọ ọ́ sí fáìlì pé ó jàre. Àmọ́ bátìrì yẹn ni wọ́n fi lé e, láì sí nótíìsì, láì sí kọ́bọ̀.

Ẹ wá létà 2019 yẹn, ẹ wo déètì tí wọ́n ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ lè fi ọwọ́ bo iye owó oṣù. Affidavit, ẹ má fi ránṣẹ́.