Orin mi wọ fíìmù, wọ́n ní àwọn ti rà á

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, mo máa ń kọ orin fáwọn ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé. Ẹgbẹ́ kan sanwó orin kan fún mi, a ò kọ̀wé kankan, àfi bí mo ṣe gbọ́ orin yẹn nínú fíìmù wọn, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti rà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin kọ́píráìtì ọdún 2022 tí à ń lò báyìí sọ pé ẹni tó kọ nǹkan ló ni ín, kódà bó jẹ́ ẹlòmíì ló gbé iṣẹ́ fún un tó sì sanwó, tó ò bá ṣáà ti sí lábẹ́ owó oṣù wọn, àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiwọn ni. Wọn ò lè fi ẹnu lásán ra ẹ̀tọ́ orin pátápátá, ìwé gbọ́dọ̀ wà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lè fúnni láyè láti lo orin o, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa dì mú, wọ́n á ní o ti gbà kí wọ́n lò ó níbi tó bá wù wọ́n, torí náà má pa mẹ́sééjì WhatsApp kankan rẹ́, wá risíìtì owó yẹn àti fóònù tó o fi kọ́kọ́ ká orin náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àgbà eléré orí ìtàgé tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí níbí lọ́dún 1925, òun ló ni ẹgbẹ́ òun ló ń darí eré, ta ló fẹ́ bá a du nǹkan? Ní tiyín báyìí, ẹni tó kọ orin lọ́tọ̀ ẹni tó ni fíìmù lọ́tọ̀. Ògúnmọ́lá kú lọ́dún 1973, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sì máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, ìyẹn ni pé ohun tó kọ ṣì wà lábẹ́ òfin títí 2043 á fi parí. Ìwọ wá fẹ́ jẹ́ kí tìẹ lọ torí owó ẹ̀ẹ̀kan?

Kọ lẹ́tà sí wọn ná, má tíì pariwo kóòtù: orúkọ ẹ nínú fíìmù, àti owó fíìmù lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ mìíì, kó o tó kọrin fún wọn, ojú ewé kan péré ti tó, ṣé ìtàgé nìkan ni àbí fíìmù àti YouTube pẹ̀lú, fún ọdún mélòó, ta ló sì ni ohùn orin tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló fi ohùn sí i. Wọ ẹgbẹ́ MCSN náà, àwọn ló ń bá olórin gba owó lọ́wọ́ rédíò àti tẹlifíṣàn. Tí wọ́n bá fèsì, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.